Níbo Ni Bárábà Gbà Lọ?

Pákó ìkọ́lé méjì ni wọ́n kàn pọ̀ ṣe àgbélébùú náà, sìmẹ́ǹtì gbígbẹ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, oòrùn Ìbàdàn mú ganrínganrín, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan ládùúgbò Mọ́kọlá sì ń ṣe eré ikú Jésù nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọmọkùnrin tó ń ṣe Jésù wọ aṣọ àlà; wọ́n da omi zobo sí i léjìká kó lè jọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun Róòmù dé àṣíborí páálí. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá dúró, wọ́n ń wòran láti ẹnu géètì.

Akọ̀wé ìjọ ló ṣe Pílátù. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́ rọ́bà, ó ní kí àwọn èèyàn mú ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kí òun tú sílẹ̀. "Bárábà!" Igbe náà dé ojú títì. Wọ́n tú okùn ọwọ́ Bárábà, ọmọ géńdé kan tó fi òwú dúdú ṣe irùngbọ̀n. Ó ki eré mọ́lẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ipa tirẹ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa gbé Jésù kọ́ sórí igi, Bárábà ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ gúgúrú. Àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń gbààwẹ̀ rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọ̀daràn yìí! Ọmọ ọlọ́mọ ń kú lọ́hùn-ún nítorí rẹ, ìwọ ń jẹ gúgúrú." Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí bàbá tíṣà fẹ̀yìntì kan tó jókòó nítòsí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo tiẹ̀ ni Bárábà gbà lọ lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀? Àbí ó padà sídìí iṣẹ́ ibi rẹ̀ ni?"

Bàbá ní Bíbélì ò sọ. Òótọ́ ni. Ìwé Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dárúkọ Bárábà, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó tún gbúròó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Lúùkù sọ pé apànìyàn ni. A ò gbọ́ pé ó ronú pìwà dà, a ò gbọ́ pé ó lọ bẹ ẹbí ẹni tí wọ́n pa.

Ìbéèrè ọmọ yìí tóbi ju eré lọ. Ó ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún dáadáa tí àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn ti ń bi ara wọn ní irú rẹ̀. Bí aláìṣẹ̀ bá kú nípò ẹlẹ́ṣẹ̀, kí ni ikú náà tún ṣe? Ta ni wọ́n san gbèsè ọ̀hún fún? Kí ló sì dé tí Ọlọ́run tó lè ṣe ohun gbogbo kò fi lè dárí jini àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀?

Ìka tó ṣẹ̀

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní kíláàsì ìrìbọmi kò ṣòroó lóye. Gbogbo èèyàn ló ti ṣẹ̀, ikú sì ni èrè ẹ̀ṣẹ̀. Olódodo ni Ọlọ́run, kò lè fojú fò ó. Jésù tí kò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀ gba ìyà náà jẹ nípò wa, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ ti bọ́. A ti gbọ́ ọ láti kékeré débi pé ọ̀pọ̀ wa kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́.

Àwa kan náà tá à ń ṣe àmín sí i nínú ṣọ́ọ̀ṣì là ń sọ níta pé ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé.

Amòfin kan tó ti pẹ́ ní kọ́ọ̀tù Ìyágànkú fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé fún mi. "Ọmọ jalè, ó sá lọ. Ọlọ́pàá dé, wọn ò bá a, wọ́n mú ìyá rẹ̀. Kí là ń pe ìyẹn? Ìrẹ́jẹ ni. Òfin ti kọ̀ ọ́." Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 ló ń sọ, abala keje rẹ̀ ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò afurasí. Kì bá tí sí nínú ìwé òfin rárá, ká ní àwọn agbófinró ò sọ ọ́ dàṣà láti máa kó ìyá, ìyàwó àti àbúrò ẹni tí wọ́n ń wá sí àtìmọ́lé. Mo bi amòfin náà bóyá ó máa ń ro òfin yìí bó bá wà ní ìsìn Ẹtì Rere. Ó rẹ́rìn-ín: "Ilé ni mo máa ń fi wíìgì mi sí lọ́jọ́ yẹn."

Àwọn oníwàásù ní èsì kan, ó sì lágbára díẹ̀. Wọ́n ní ká má fi ọ̀rọ̀ ọ̀daràn wé e, ká fi ọ̀rọ̀ gbèsè wé e, torí pé ẹlòmíràn lè san gbèsè fúnni. Bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá mọ onídùúró, a sì mọ ìwọ̀fà. Bàbá á yá owó, ọmọ rẹ̀ á lọ máa sìn lóko olówó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ìwọ̀fà ṣe rí: iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe kì í dín owó kù, èlé lásán ló ń san, títí bàbá fi máa rí owó gan-an dá padà.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti san owó olówó fún un pé, kò dárí ji ẹnikẹ́ni, ó gba owó rẹ̀ ni. Ará Ítálì kan, Fausto Sozzini, ló tẹnu mọ́ kókó yìí nínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1594: bí wọ́n bá san gbèsè, ìdáríjì ò sí níbẹ̀; bó bá sì jẹ́ ìdáríjì ni, ẹnikẹ́ni ò ní láti san nǹkan kan. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ dá a lóhùn nìkan. Lọ́dún 1598, ní ìlú Kraków lórílẹ̀-èdè Poland, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́ ọ jáde nílé nígbà tí ara rẹ̀ ò yá, wọ́n sì dáná sun ìwé rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni èrò àwọn ìjọ tí wọ́n ń pè ní Unitarian ti gba agbára. Ọ̀kan nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ti wà l'Ékòó láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ará Èkó ò gbúròó rẹ̀ rí.

Olúwo tí wọ́n mú la ìgboro kọjá

Ẹ̀kọ́ ikú nípò ẹlòmíràn yìí ò bá wa lófìfo. Kí Bíbélì tó dé, a mọ ẹbọ, a mọ ètùtù, a sì mọ ìtàn ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi gba ìlú là. Mọremí jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn kó lè gba Ilé-Ifẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn. Nígbà tó ṣẹ́gun, Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni odò béèrè. Samuel Johnson kọ ìtàn náà sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Ó ní àwọn Ifẹ̀ gbà pé ọmọ náà jí, ó gun okùn lọ sọ́run, ó sì ń bọ̀ wá. Àlùfáà ni Johnson. Kò ṣàì sọ pé ìtàn náà jọ ti Màríà àti ọmọ rẹ̀.

Orúkọ Mọremí dùn-ún gbọ́, ère rẹ̀ sì ga n'Ífẹ̀. Èyí tó kù ni a kì í fẹ́ẹ́ sọ.

Lọ́dún 1899, Àlùfáà James Johnson ti Èkó, ẹni tó di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kọ ìwé kékeré kan lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá. Ó ròyìn nínú rẹ̀ ẹni tí wọ́n yàn láti fi rúbọ fún ìlú, tí wọ́n ń pè ní Olúwo. (Kì í ṣe olúwo Ògbóni o, kì í sì í ṣe ti awo Ifá.) Ó lè jẹ́ ẹrú, ó lè jẹ́ ọmọ bíbí inú ilé, ó lè jẹ́ ọmọ olówó tàbí ọmọ mẹ̀kúnnù. Bí wọ́n bá ti yàn án, wọ́n á máa bọ́ ọ dáadáa, ohunkóhun tó bá béèrè ni wọ́n á fún un.

Bọ́jọ́ bá pé, wọ́n á mú un la ìgboro kọjá. Wọ́n á da eérú lé e lórí, wọ́n á fi ẹfun kun ojú rẹ̀ kí wọ́n má baà dá a mọ̀. Àwọn èèyàn á máa sáré jáde láti ilé wọn, wọ́n á na ọwọ́ kàn án lára, kí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀bi, wàhálà àti ikú wọn lè bá a lọ.

Mo ti ka ibẹ̀ ní àkàtúnkà. Ọwọ́ wọ̀nyẹn ni kì í kúrò lọ́kàn mi: ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n tó ń na ọwọ́, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé tó ń na ọwọ́. Kò sí ìkà kan nínú wọn lójú ara wọn. Wọ́n fẹ́ kí ara tu àwọn ni. Bí ara bá sì tù wọ́n, kò ní í ṣe é ṣe fún wọn láti béèrè ta ni ẹni tó wà lábẹ́ ẹfun yẹn.

Wole Soyinka béèrè rẹ̀ fún wọn nínú eré rẹ̀, The Strong Breed. Ní abúlé tó wà nínú eré náà, àlejò ni wọ́n ń mú láti ru ẹ̀ṣẹ̀ ọdún lọ, wọ́n sì ti fojú sí Ifada, ọmọ kan tí orí rẹ̀ ò pé. Eman, tóun náà jẹ́ àlejò, fi ara rẹ̀ sípò ọmọ náà. Wọ́n lé e, wọ́n dọdẹ rẹ̀, ó kú. Ìlú ò rí ìwẹ̀mọ́ tí wọ́n ń retí. Ojú ló tì wọ́n. Wọ́n tú ká láìlè sọ èpè tó yẹ kí wọ́n sọ lé òkú rẹ̀ lórí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá fíkà kan tó ti lé lógún ọdún lórí pẹpẹ. Kò bínú. "Ẹbọ tiwa yàtọ̀," ó ní. "Nínú ti Olúwo, àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ló mú ẹlòmíràn fún òrìṣà. Nínú tiwa, Ẹni tí a ṣẹ̀ ló fi ara rẹ̀ san án. Kò sẹ́ni tó fipá mú Jésù." Ìdáhùn tó dára jù lọ nìyí, mo sì fara mọ́ ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá fínnú-fíndọ̀ kú nítorí ọ̀rẹ́ ṣe ohun ńlá. Ohun tí kò tíì yé mi ni ẹni tó ń gba ikú náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní àfi bí òun bá rí i kí inú òun tó rọ̀.

Àríyànjiyàn inú ilé

Bí ẹ bá sọ irú èyí níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n lè ní èṣù ló ń lo yín. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ sì rèé, bíṣọ́ọ̀bù àti ẹni mímọ́ wà nínú wọn.

Gregory ará Nazianzus jẹ́ olórí ìjọ Constantinople ní ọ̀rúndún kẹrin. Nígbà ayé rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ́ni ni pé èṣù ni wọ́n san ẹ̀jẹ̀ Jésù fún láti fi ra aráyé padà. Gregory ní àbùkù gbáà nìyẹn, kí olè máa gba owó orí ohun tó jí. Ó tún bi wọ́n pé: bó bá jẹ́ Baba ni wọ́n san án fún ńkọ́? Báwo ni ẹ̀jẹ̀ Ọmọ rẹ̀ yóò ṣe dùn mọ́ Baba tí kò gba Ísákì pàápàá lọ́wọ́ Ábúráhámù, tó fi àgbò rọ́pò rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ èyí tí à ń gbọ́ lónìí dé lẹ́yìn nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún. Anselm, olórí bíṣọ́ọ̀bù Canterbury, parí ìwé rẹ̀, Cur Deus Homo, lọ́dún 1098. Ayé àwọn olóyè onílẹ̀ ló gbé. Láyé ìgbà náà, bí ẹnì kan bá tàbùkù olóyè, bí ipò olóyè náà bá ṣe ga tó ni ìtanràn ṣe ń pọ̀ tó. Ọlọ́run ò ní òṣùwọ̀n, nítorí náà ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ ò lópin, kò sì sí èèyàn tó lè san án àfi ẹni tó jẹ́ Ọlọ́run àti èèyàn pa pọ̀. Ẹni tó bá mọ ààfin ọba Yorùbá á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Anselm ò ṣàjèjì. Ó tó ọ̀rúndún mẹ́rin sí i kí John Calvin, tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, tó sọ ìtanràn di ìyà ọ̀daràn: Jésù wá di ẹni tí adájọ́ dá lẹ́bi dípò wa. Mo fura pé aláṣẹ tí èèyàn bá ń bẹ̀rù jù lákòókò rẹ̀ ló máa ń fi ya àwòrán Ọlọ́run.

Kò pẹ́ lẹ́yìn Anselm tí Peter Abelard fi dìde ní ilẹ̀ Faransé. Nínú àlàyé tó ṣe lórí lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, ó ní ìwà ìkà ni kí ẹnikẹ́ni béèrè ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ bí owó ọjà. Lójú tirẹ̀, àgbélébùú fi ìfẹ́ Ọlọ́run hàn wá kí ìfẹ́ lè ràn nínú àwa náà; ọkàn wa ló yí padà, kì í ṣe ti Ọlọ́run. Bernard ti Clairvaux gbógun tì í, póòpù sì dá a lẹ́bi.

Ìjà náà ò tíì tán. Lọ́dún 2003, Steve Chalke, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ sínú ìwé pé bí Baba bá fìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọmọ ò dá jẹ ẹ́, ìwà bàbá tó ń dá ọmọ rẹ̀ lóró nìyẹn. Àwọn ìjọ ajíhìnrere gbaná jẹ. Lọ́dún 2013, ìgbìmọ̀ ìwé orin Presbyterian ti Amẹ́ríkà yọ orin kan tó lókìkí kúrò nínú ìwé wọn tuntun nítorí ìlà kan tó sọ̀rọ̀ ìbínú Ọlọ́run. Wọ́n bẹ àwọn tó kọ orin náà kí wọ́n yí ìlà náà padà, wọ́n kọ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù tí àwọn Súlù ń pè ní Sobantu

Nínú gbogbo wọn, John William Colenso ló sún mọ́ wa jù. Onímọ̀ ìṣirò ni. Ìwé ìṣirò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé Gẹ̀ẹ́sì lò nígbà náà. Wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù Natal, ní gúúsù Áfíríkà, lọ́dún 1853. Ó kọ́ èdè Súlù, ó ń túmọ̀ Bíbélì pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ William Ngidi, ọmọ Súlù tó máa ń fi ìbéèrè há a mọ́gun: ṣé lóòótọ́ ni ẹranko gbogbo ayé wọ ọkọ̀ Nóà? Colenso wò ó, ó rí i pé òun ò lè purọ́ fún un.

Lọ́dún 1861 ló tẹ àlàyé rẹ̀ lórí lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù jáde. Ó ní òun ò rí i níbì kankan tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé Jésù jẹ ìyà wa kí ìbínú Ọlọ́run lè rọlẹ̀. Baba gbogbo èèyàn ni Ọlọ́run, ó sì ti gba gbogbo wọn mọ́ra kí míṣọ́nnárì tó dé. Kò gbà kí wọ́n máa sọ fún àwọn Súlù pé iná ni gbogbo bàbá ńlá wọn wà. Lọ́dún 1863, àwọn bíṣọ́ọ̀bù jókòó ní Cape Town, wọ́n dá a lẹ́bi àdámọ̀, wọ́n sì yọ ọ́ nípò. Ìgbìmọ̀ ayaba ní Lọ́ńdọ̀nù ní wọn ò láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà gbogbo ayé kọ́kọ́ pé jọ ní Lambeth lọ́dún 1867.

Lẹ́tà Róòmù yìí kan náà ni Samuel Ajayi Crowther ti tẹ̀ jáde ní Yorùbá lọ́dún 1850, ọ̀pọ̀ ọdún kí odindi Bíbélì tó jáde lọ́dún 1884. Lọ́dún 1864, nígbà tí ariwo Colenso ṣì ń ja ilé ń ja ọ̀nà, ni wọ́n ya Crowther sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù nínú kàtídírà Canterbury, ìlú Anselm. Ẹ̀kọ́ tí Anselm àti Calvin là sílẹ̀ ni ìjọ tó rán Crowther ń wàásù, òun náà ni wọ́n sì fi lé wa lọ́wọ́. Ti Colenso ò dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn Súlù ní tiwọn ń pè é ní Sobantu, bàbá àwọn ènìyàn; nígbà tí ìjọba amúnisìn gbógun ti ọba Langalibalele lọ́dún 1873, òun ló dìde gbèjà rẹ̀.

Ìyẹ̀fun àti màlúù àbọ́pa

Fíkà mi ò jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó fi Àìsáyà orí 53 hàn mí, ó fi lẹ́tà sí àwọn Hébérù hàn mí, níbi tí wọ́n ti ní láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀ kò sí ìdáríjì. "Àbí ẹ fẹ́ ya ojú ìwé yẹn dànù ni?" Mi ò ní í ya á. Ó wà níbẹ̀.

Ohun tó wà ní Léfítíkù orí karùn-ún náà wà níbẹ̀: tálákà tí kò lágbára ẹran, tí kò lágbára ẹyẹlé méjì, lè mú ìyẹ̀fun wá fún ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì dárí jì í. Ìyẹ̀fun ò ní ẹ̀jẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pé Míkà béèrè bóyá òun lè fi àkọ́bí òun san ẹ̀ṣẹ̀ òun, ìdáhùn tó sì rí ni òdodo, àánú àti ìrẹ̀lẹ̀. Èsékíẹ́lì orí 18 ní ọmọ ò ní í ru ẹ̀bi bàbá.

Jésù fúnra rẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Nínú ìtàn ọmọ onínàákúnàá, bàbá sáré pàdé ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó dì mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ parí. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n pa màlúù àbọ́pa, ìyẹn sì jẹ́ ti inú dídùn. Ká ní bàbá yẹn ti ní àfi kí ẹ̀gbọ́n kú kí òun tó lè gba àbúrò wọlé, ta ni yóò máa fi ìtàn náà kọ́ ọmọ?

Nínú ẹbí Yorùbá tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ti ń jẹun nínú àwo kan, kò sí bí wọn ò ṣe ní í bọ́ sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ààfáà kan ní Ọjà Ọba sọ fún mi pé bí wọ́n bá ti ń pín ẹran Iléyá ni àwọn ìbátan òun tó jẹ́ onígbàgbọ́ máa ń sọ pé, "Ẹ̀yin náà ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀." Èsì rẹ̀ kì í yẹ̀: "Ẹ̀jẹ̀ àgbò ò dọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ẹran rẹ̀ ò sì dọ́dọ̀ rẹ̀; ìbẹ̀rù rẹ̀ tó wà lọ́kàn yín ló ń wò. Ẹnikẹ́ni ò sì ní í bá ẹlòmíràn ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ jẹ ẹran.

Àwọn tí kò lè ṣe láìsí i

Mo mọ awakọ̀ kan tó fi bọ́ọ̀sì pa ọmọ ọlọ́mọ lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Kò mutí, kò sáré. Ọmọ náà já sójú títì ni. Ó lọ bẹ ìyá ọmọ, ìyá ò lè dá a lóhùn, ta ló sì lè bá a wí? Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi róorun sùn. Níjọ́ tí wọ́n wàásù fún un pé ẹnì kan ti san án, ó ní òun sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́, òun sì sùn lọ́jọ́ kejì. "Ẹ̀yin oníwèé, ẹ lè máa bèèrè ta ló gba owó náà. Èmi ò bèèrè. Mo mọ̀ pé mi ò lè san án." Mi ò bá a jiyàn, mi ò sì rò pé Abelard fúnra rẹ̀ ì bá bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà tún ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó lè san. Ìyá aláṣọ kan ní Gbági sọ tirẹ̀ fún mi bó ti ń ká àǹkárá. Obìnrin tó ń gba àjọ wọn kó owó ọdún kan sá lọ. Nígbà tó padà sí ìlú, ó ti di àtúnbí, ó ń jẹ́rìí káàkiri pé ẹ̀jẹ̀ ti wẹ òun mọ́, àtijọ́ ti kọjá lọ. Àwọn ìjọ kan wà tí kò ní í gbà bẹ́ẹ̀: Deeper Life àti Apostolic Faith a máa kọ́ ọmọ ìjọ wọn pé kí wọ́n dá ohun tí wọ́n jí padà, bí Sákéù ṣe ṣe. Ìjọ tirẹ̀ ò béèrè. Ìyá aláṣọ bá a dé ilé, ó bá a nínú ìpàdé àdúrà.

"Mi ò jà," ló wí, ó ń fa etí aṣọ tọ́. "Mo kí i kú oríire. Mo ní, 'Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ̀ yín, ó dára. Èmi kọ́ ni Jésù. Owó mi dà?'"